Àjọjẹ Lẹ́nu Ibodè: Iṣẹ́ Ọnà Láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀

Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ọ̀rọ̀ owó ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí: àwọn ọ̀rẹ́ jọ ń náwó, àpò ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò dáadáa, kì í ṣe ahun ló ń bá wí. Ẹni tí kò mú nǹkan kan wá sídìí àwo kò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àlejò ni yóò máa jẹ́, bó ti wù kí wọ́n bù fún un tó. Ojú yìí ló yẹ kí a fi wo pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ ọnà òde òní láàárín Nàìjíríà àti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. A ti sọ̀rọ̀ ìbátan títí. Ohun tí kálukú gbé kalẹ̀ ni kò tíì tó.

Ẹ wo iṣẹ́ Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1962. Kẹ́ẹ̀gì ike ló fi ń ṣe ìbòjú: ibi tí a ti ń dì í mú á di imú, ẹnu rẹ̀ á di ẹnu ènìyàn tó la sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí àwọn tó ń fi alùpùpù kó bẹntiróò láti Nàìjíríà wọ Bẹ̀nẹ̀ ti lò gbó ni. Àwọn oníṣòwò yìí a máa fi iná yá kẹ́ẹ̀gì kó lè fẹ̀, kó lè gba epo sí i. Bó bá fẹ̀ jù, á bẹ́. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò tún ní wo ìbòjú náà bí eré mọ́, nítorí ayé ẹni tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì ló ń wò. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ La Bouche du Roi, ìbòjú 304 ni Hazoumè tò bí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrú. British Museum rà á, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2007. Epo Nàìjíríà, ọwọ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, owó Lọ́ńdọ̀nù: ẹni tó mówó wá ló gbé iṣẹ́ náà lọ sílé.

Ní 2024 ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Ọdún yẹn ni Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ ní àyè tirẹ̀ ní ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Venice, Azu Nwagbogu, ọmọ Nàìjíríà tó dá ìpàtẹ fọ́tò LagosPhoto sílẹ̀ ní 2010, ni wọ́n sì fi ètò rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹ̀rù lè ba ẹlòmíràn pé Nàìjíríà tó tóbi yóò gbé Bẹ̀nẹ̀ mì. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Hazoumè, Ishola Akpo, Moufouli Bello àti Chloé Quenum ló kó iṣẹ́ wá, Bẹ̀nẹ̀ ni gbogbo wọn ṣojú fún. Bẹ̀nẹ̀ mú orúkọ rẹ̀ àti àwọn ọlọ́nà rẹ̀ wá, ọmọ Nàìjíríà mú ìmọ̀ wá, kò sì sí ẹni tó jẹ́ àlejò.

Àwọn kan á ní kí la ń dààmú sí, ṣebí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń kọjá ààlà yìí kí ààlà ọ̀hún tó wà? Òótọ́ ni, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló jọ ni ín nínú àkọsílẹ̀ UNESCO. Ṣùgbọ́n orin àti ijó ń bá ènìyàn rìn ni. Àwòrán tí wọ́n kàn sínú àpótí pákó kò lè gba ọ̀nà inú igbó. Ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni yóò gbà, níwájú aṣọ́bodè. Láti oṣù Kẹjọ 2019 tí Nàìjíríà ti ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀, oṣù Kejìlá 2020 ló tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni wọ́n sọ jù nígbà náà, ṣùgbọ́n ibodè tí wọ́n tì kì í bi ẹrù léèrè bóyá ìrẹsì ni tàbí ère.

Bẹ̀nẹ̀ náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí ogun rẹ̀ kó ní Abomey padà ní oṣù Kọkànlá 2021, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pàtẹ wọn ní Kútọnu ní 2022 pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn ọlọ́nà òde òní. Iṣẹ́ àwọn ọlọ́nà wọ̀nyí wá rìnrìn àjò: ó dé Rabat, ó dé Martinique, ó dé Paris. Èkó kò sí lára wọn, ìlú tí Kútọnu kò fi 150 kìlómítà jìnnà sí, tí àwọn olówó ti ń ra iṣẹ́ ọnà ní ìpàtẹ ART X láti 2016. Kí Bẹ̀nẹ̀ gbé ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ wá sí Èkó, kí Nàìjíríà fún un ní ìwé tí aṣọ́bodè Sẹ̀mẹ̀ yóò bọ̀wọ̀ fún, kí àwọn olówó Èkó sì rà nínú rẹ̀ kí Lọ́ńdọ̀nù tó tún débẹ̀.