Ọkọ̀ Oníná Mànàmáná àti Àgbàlagbà Aláàbọ̀ Ara

Bí a bá dárúkọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń fi iná mànàmáná rìn dípò epo bẹtiróò, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé ohun tuntun ni, àti pé àwọn ọ̀dọ́ olówó ni ó wà fún. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Ọkọ̀ náà ti pẹ́ láyé, àwọn tí agbára wọn kò tó ti géńdé sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ní àǹfààní. Ó yẹ kí ẹ̀yin olùgbọ́ wa mọ ìtàn yìí, nítorí pé orílẹ̀-èdè wa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó tí a ti ń gba iná sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1900, nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bí 4,200 tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó lé ní 1,500 tí ó jẹ́ oníná mànàmáná. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wa ọkọ̀ elépo yóò kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀, yóò ti ọ̀pá irin bọ inú ẹ́ńjìnì, yóò sì fi gbogbo agbára yí i. Bí ẹ́ńjìnì bá ta padà lójijì, ọ̀pá náà lè ṣẹ́ ènìyàn lọ́rùn ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ọkọ̀ oníná kàn jókòó sí àyè rẹ̀ ni, ó fi ọwọ́ kan irin kékeré kan, ọkọ̀ sì gbéra láìpariwo. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò fi ń polówó rẹ̀ fún àwọn obìnrin àti àwọn oníṣègùn. Clara, aya Henry Ford tí ó sọ ọkọ̀ elépo di ti gbogbo ayé, fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ oníná tí a ń pè ní Detroit Electric.

Ní ọdún 1912 ni ìyípadà dé. Ilé iṣẹ́ Cadillac gbé ọkọ̀ jáde tí ó lo ohun èlò tí Charles Kettering ṣe, èyí tí ó ń fi bátìrì ta ẹ́ńjìnì jí. Ọ̀pá irin kò wúlò mọ́. Epo ti di ọ̀pọ̀, ọkọ̀ Ford kò sì wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkọ̀ oníná fi ń pòórá, títí Detroit Electric fi kógbá sílé ní ọdún 1939.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn náà gba ọ̀nà mìíràn. Ogun Àgbáyé méjèèjì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun di aláàbọ̀ ara. Nígbà tí ètò ìlera ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, ìjọba a máa yá àwọn tí kò lè rìn ní ọkọ̀ kékeré onítáyà mẹ́ta. Òmíràn nínú wọn ń lo bátìrì, òmíràn ń lo epo. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Invacar, tí Bert Greeves àti ìbátan rẹ̀, Derry Preston-Cobb, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹkùn Essex. Ọwọ́ nìkan ni a fi ń wa ọkọ̀ náà. Ó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òmìnira láti lọ sí ibi iṣẹ́ àti ọjà. Ṣùgbọ́n ìjókòó kan ṣoṣo ni ó ní: bí aya bá ń wà á lọ, ọkọ rẹ̀ kò lè bá a gun ún, ìyá kò sì lè fi gbé ọmọ rẹ̀. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn líle ń mì ín lójú títì. Àwọn tí ń lò ó pariwo títí, ìjọba sì gbọ́. Ní ọdún 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìrìnnà fún àwọn aláàbọ̀ ara, pọ́n-ùn 5 lọ́sẹ̀. Ní ọdún 1977 wọ́n dá ẹgbẹ́ Motability sílẹ̀, kí ènìyàn lè fi owó náà háyà ọkọ̀ gidi tí ẹbí rẹ̀ lè bá a jókòó sí. Ní oṣù March ọdún 2003, ìjọba kó àwọn Invacar rẹ̀ kúrò ní ojú títì.

Nísinsìnyí tí ọkọ̀ oníná ti padà dé, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣe fún àgbàlagbà tí oríkèé ń ro, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kú. Kò sí jíà tí yóò máa yí, ẹsẹ̀ òsì kò sì ní iṣẹ́ kankan. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí èyí tí ń sáré, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí a máa rọra dín eré kù fúnra wọn, tí ó fi jẹ́ pé bíréèkì kì í gba agbára púpọ̀. Ẹni tí ó bá ní àyè ìgbọ́kọ̀sí nílé lè gba iná sínú rẹ̀ lóru, láìdé ilé epo rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá pé 70 ọdún gbọ́dọ̀ máa tún ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ gbà ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta; ọkọ̀ tí ó rọrùn báyìí lè mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pẹ́ sí i lẹ́nu ìwakọ̀.

Ṣùgbọ́n ìnira tí ó kúrò nídìí ẹ́ńjìnì ti lọ jókòó sídìí òpó. Okùn iná àwọn òpó tí ń yára fún ni ní iná wúwo, ó sì le láti tẹ̀. Òpó mìíràn wà lórí bèbè títì tí a gbé ga, níbi tí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gùn. Ojú ẹ̀rọ tí a ń tẹ̀ lè ga ju ẹni tí ó wà ní ìjókòó lọ, àyè ìgbọ́kọ̀sí sì lè fún débi pé ilẹ̀kùn kò ní ṣí tán. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ọmọdé kò ti tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn tí ó kọ́ òpó wọ̀nyí kò rántí bẹ́ẹ̀. Síwájú sí i, abẹ́ ọkọ̀ ni bátìrì ń gbé, nítorí náà ó ṣòro láti gé ilẹ̀ ọkọ̀ náà wálẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ wọlé tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2022 ni wọ́n gbé ìlànà kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, PAS 1899, tí ó sọ bí òpó tí gbogbo ènìyàn lè lò ṣe yẹ kó rí. Ìlànà ni, kì í ṣe òfin.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwọn àgbàlagbà gan-an. Ẹni tí ó bá di aláàbọ̀ ara lẹ́yìn tí ó ti tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì kò lè gba owó ìrìnnà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ìtọ́jú nìkan ni ó lè béèrè. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà Motability tì mọ́ ọn. Ẹni tí àrùn mú ní 60 ọdún lè rí ọkọ̀ háyà, ẹni tí àrùn kan náà mú ní 70 ọdún kò lè rí i.

Kí ni èyí fi kàn wá? Ní oṣù January ọdún 2019, Ààrẹ Nàìjíríà fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka yíyan aláàbọ̀ ara jẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin náà pàṣẹ pé kí àyè tiwọn wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí gbogbogbòò, ó sì fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti parí ní ọdún 2024. Ní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ ọkọ̀ ṣí ibùdó ìgbaná tí ń lo oòrùn ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sokoto. Irú rẹ̀ yóò pọ̀ sí i.

Ó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju 50 ọdún lọ kí ó tó mú ọkọ̀ oníjòókòó kan kúrò lójú títì. Àwọn òpó tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ láìro ti aláàbọ̀ ara sì wà nílẹ̀ tí wọn yóò máa tún ṣe. Díẹ̀ ni tiwa ṣì jẹ́, kò sì ná wa ní ohun púpọ̀ láti gbé wọn sí ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ lè dé, kí a sì fi ojú ẹ̀rọ wọn sí ibi tí ọwọ́ ẹni tí ó jókòó lè kàn. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.