Oòrùn Kì Í Jẹ Ike Tán: Ìtàn Pólíẹ́sítà

Ní ọjà Àjàṣẹ́, ti Kétu àti ti Ṣábẹ, kò sí ibi tí a kì í ti rí ìgò ike: ìgò omi, ìgò òróró, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí a bá jù ú sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn ènìyàn a máa wí pé oòrùn yóò jẹ ẹ́ tán. Ǹjẹ́ òótọ́ ni? Inú ìtàn bí a ṣe dá ike yìí ni ìdáhùn wà.

Pólíẹ́sítà ni orúkọ irú ike tí a fi ń ṣe ìgò omi. Òun náà ni a ń ran ní òwú tí a fi ń hun ọ̀pọ̀ aṣọ òde òní. Àwọn ẹ̀yọ tíntín tí ojú kò lè rí ni a sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n di ẹ̀wọ̀n gígùn. Bí ẹ̀wọ̀n bá gùn, ike a lágbára; bí ó bá já sí wẹ́wẹ́, ike a di ohun tí ọwọ́ lè rún.

Ní ọdún 1930, ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, Julian Hill, tí ó ń bá Wallace Carothers ṣiṣẹ́, fa okùn pólíẹ́sítà kan jáde tí ó ń dán bí sẹ́dà. Inú wọn dùn, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́: ooru díẹ̀ ti tó láti yọ́ okùn náà, omi gbígbóná sì ń bà á jẹ́. Ta ni yóò ra aṣọ tí a kò lè fọ̀, tí a kò lè lọ̀? Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ohun mìíràn, èyí tí ó di náílọ́ọ̀nù ní 1935.

Ní 1941, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Whinfield àti James Dickson tún iṣẹ́ náà gbé. Wọ́n lo ásíìdì kan tí ó ní òrùka kọ́bọ̀nù mẹ́fà nínú. Òrùka yìí mú kí ẹ̀wọ̀n náà le gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí ike tuntun náà kò fi yọ́ títí ooru fi sún mọ́ ìwọ̀n 260 °C. Ní 1973, Nathaniel Wyeth gba ìwé àṣẹ lórí ìgò pólíẹ́sítà tí ó lè gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò láìbẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Apá ibi tí òrùka náà wà, tí agbára ike ti wá, ni ó ń gba ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí mọ́ra. Ìtànṣán yìí a já ẹ̀wọ̀n, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ a sì parí iṣẹ́ náà. Ojú ike a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, a sán, a sì máa rún. Ní ti ooru, ti ẹ̀ẹ̀rùn wa kò tó láti yọ́ ọ, ṣùgbọ́n omi híhó a máa sọ ìgò di wíwọ́. Ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń yọ́ ìgò àlòkù, ooru ńlá àti omi tí ó bá kù lára ike a máa gé ẹ̀wọ̀n kúrú. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ gbẹ ike dáadáa kí a tó yọ́ ọ.

Nítorí náà, oòrùn kì í jẹ ike tán. Lílọ̀ ni ó ń lọ̀ ọ́. Òwú àti ìko tí àwọn baba wa ń hun a máa jẹrà, nítorí pé àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ mọ̀ wọ́n ní oúnjẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Pólíẹ́sítà kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé. Lóòótọ́, ní 2016, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan kéde kòkòrò àìfojúrí kan, Ideonella sakaiensis, tí ó lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́. Ní báyìí ná, òjò ń gbá àwọn ẹ̀rúnrún náà lọ sínú odò àti ọ̀sà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: àwọn tí ó dá ike yìí wá ohun tí kò ní tètè bàjẹ́, wọ́n sì rí i. Ìgò tí ó wà lódidi, ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ kí ó ṣà á nílẹ̀. Èyí tí oòrùn bá ti lọ̀ kúnná, àgbà mẹ́wàá kò lè ṣà á mọ́.