Ìforúkọsílẹ̀ Káàdì Ohùn Púpọ̀ nínú Kernel Linux

Ìforúkọsílẹ̀ káàdì ohùn ni ètò tí kernel Linux fi ń gba ẹ̀rọ ohùn wọlé, tó fi ń fún un ní nọ́ńbà àti orúkọ, tó sì ń ṣí àwọn fáìlì tí a ó máa gbà bá a lò. Bí káàdì bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kò sí wàhálà. Ìgbà tó bá di méjì tàbí mẹ́ta ni orin tí a fẹ́ gbọ́ létí á lọ máa ké lórí tẹlifíṣọ̀n.

ALSA ló ń bójú tó iṣẹ́ yìí. Jaroslav Kysela, ọmọ ilẹ̀ Tsẹ́kì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998. Nígbà tí Linux 2.6 jáde ní oṣù Kejìlá 2003, ALSA gba ipò lọ́wọ́ OSS, ètò ohùn àtijọ́ tí Hannu Savolainen ti Fínlándì dá sílẹ̀. Abẹ́ /dev/snd ni àwọn fáìlì rẹ̀ wà. Ẹni tó bá rí pcmC0D0p níbẹ̀ mọ̀ pé káàdì 0 ni, ẹ̀rọ 0 lórí rẹ̀, tí a fi ń gbé ohùn jáde. Èyí tó bá parí sí c ni a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Láyé àtijọ́, káàdì kọ̀ọ̀kan ń gba nọ́ńbà fáìlì (minor) 32 nínú 256, nítorí náà káàdì 8 péré ló lè wọlé. Ìpín nọ́ńbà tí kò dúró lójú kan ló mú ààlà yẹn kúrò.

Driver, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì, á kọ́kọ́ pe snd_card_new, á sì sọ àyè, ìyẹn nọ́ńbà káàdì, tó ń fẹ́. Bó bá kọ -1, àyè tó bá kọ́kọ́ ṣófo ni kernel á fún un. Bó bá ta kú mọ́ àyè tí ẹlòmíì ti gbà, -EBUSY ni èsì. Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀yà káàdì bá ti pé ni yóò pe snd_card_register, ìgbà náà ni àwọn fáìlì yẹn á tó yọjú. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ kí ẹ̀yà tó pé ti ṣílẹ̀kùn ilé tí kò tíì ní òrùlé.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ nọ́ńbà wá ń tẹ̀lé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Káàdì USB lè gba 0 lónìí, kí ti inú kọ̀ǹpútà gbà á lọ́la. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ options snd-usb-audio index=-2 láti dí i lọ́wọ́: kernel ń ka nọ́ńbà tó kéré sí -1 bí àkójọ àyè tí a fọwọ́ sí, gbogbo àyè ló sì wà nínú -2 àfi 0. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ orúkọ dára ju nọ́ńbà lọ. hw:CARD=PCH, tó ń fi orúkọ pe káàdì, kò bìkítà nípa ẹni tó kọ́kọ́ dé. Kìkì pé bí káàdì USB méjì bá jẹ́ irú kan náà, ọ̀kan á máa jẹ́ Device, èkejì á di Device_1, ìṣòro ẹni tó kọ́kọ́ dé á sì tún padà. /dev/snd/by-path, tó ń wo ihò tí a ki káàdì bọ̀, ló lè yanjú ìyẹn.

Ibi tó le jù ni àwọn pátákó kékeré tí ẹ̀yà ohùn wọn wà káàkiri. Ká ní pátákó kan ní ihò HDMI méjì, tí driver sì ń dá ẹ̀rọ hdmi-audio-codec sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú -1. Níbí, -1 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ yìí kò ní èkejì. Àkọ́kọ́ á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́; èkejì á bá orúkọ rẹ̀ nílẹ̀, sysfs á pariwo pé orúkọ náà ti wà, -EEXIST á sì tẹ̀lé e. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: PLATFORM_DEVID_AUTO dípò -1, kí kernel fúnra rẹ̀ yan nọ́ńbà, kí orúkọ dà bíi hdmi-audio-codec.1.auto.

Àtúnṣe náà ní ohun tó ń bá a rìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Driver káàdì tó bá ti kọ orúkọ codec àtijọ́ sínú ara rẹ̀ kò ní rí i mọ́, -EPROBE_DEFER ni yóò sì máa dá padà ní gbogbo ìgbà tí kernel bá tún un dánwò. Láti inú dev_name tàbí of_node ló yẹ kó ti mú orúkọ náà.