Amino ásíìdì àti purotéènì

Amino ásíìdì ni àwọn èròjà kéékèèké tí a fi ń kọ́ purotéènì. Kárbọ̀nù, háídrójìn, náítrójìn àti ọ́ksíjìn wà nínú gbogbo wọn. Methionine àti cysteine tún ní imí-ọjọ́. Oríṣi 20 ni ènìyàn, ẹranko àti ewéko sábà máa ń lò láti ṣe purotéènì. Ní Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìmọ̀ nípa wọn wúlò fún àwọn tí ń sin adìẹ àti àwọn tí ń ṣe oúnjẹ.

Bí wọ́n ṣe ń so pọ̀

Nígbà tí amino ásíìdì méjì bá so pọ̀, omi díẹ̀ máa ń jáde lára wọn. Bí ọ̀pọ̀ bá so tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, tí okùn náà sì ká bó ṣe yẹ, ó di purotéènì. Insulin ní amino ásíìdì 51. Frederick Sanger, tó ṣàwárí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra, gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1958. Ètò yìí ṣe pàtàkì: nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, valine ló gba ipò glutamic acid ní ipò kẹfà lórí okùn beta ti hemoglobin.

Àwọn tó gbọdọ̀ ti inú oúnjẹ wá

Ara ènìyàn kò lè ṣe 9 nínú wọn fúnra rẹ̀: histidine, isoleucine, leucine, lysine, methionine, phenylalanine, threonine, tryptophan àti valine. Bí ọ̀kan bá tán, iṣẹ́ dúró, bí àwọn yòókù tilẹ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ méjì kò ti lè parí rẹ̀ bí àwọ̀ kan bá tán. Ara kì í tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù. Ó ń sun ún fún agbára, ó sì ń da náítrójìn rẹ̀ nù.

Oúnjẹ adìẹ

Lẹ́yìn tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1979, ó dá oko ńlá kan sílẹ̀ ní Ọ̀tà, adìẹ sì wà lára ohun tí wọ́n ń sìn níbẹ̀. Àgbàdo ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú oúnjẹ adìẹ, ṣùgbọ́n lysine àti tryptophan rẹ̀ kò tó. Sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ní lysine púpọ̀, ṣùgbọ́n methionine rẹ̀ kéré. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń po oúnjẹ adìẹ fi ń lo méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì ń fi methionine àti lysine oníyẹ̀fun kún un.

Wíwọn purotéènì

Ọ̀nà tí Johan Kjeldahl ará Dẹ́ńmárkì gbé kalẹ̀ ní ọdún 1883 ni pé kí a wọn náítrójìn inú oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, a sábà máa ń fi 6.25 sọ iye rẹ̀ di púpọ̀. Kò lè fi hàn bóyá lysine tó, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ náítrójìn ayédèrú yàtọ̀. Ní Ṣáínà ní ọdún 2008, wọ́n rí melamine, èròjà tí náítrójìn rẹ̀ pọ̀, nínú wàrà tí wọ́n ti bu omi là. Òkúta sì dì sínú kíndìnrín ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, iye purotéènì tí wọ́n kọ sára àpò kì í ṣe ẹ̀rí pé oúnjẹ náà pé.

Oúnjẹ ọmọ

Ohun tó kan adìẹ kan ọmọ ènìyàn pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà Cicely Williams ṣàpèjúwe kwashiorkor ní ilẹ̀ tó di Gánà lónìí, láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́. Èdè Gã ni orúkọ náà ti wá. Àwọn onímọ̀ ti fi àwọn ìdí mìíràn kún àìtó purotéènì láti ìgbà náà.

Ẹ̀wà ní lysine tí àgbàdo kò ní tó, àgbàdo sì ní methionine tí ẹ̀wà kò ní tó. Nítorí èyí, ẹ̀kọ àti àkàrà, tàbí ògì àti mọ́ínmọ́ín, dára fún ọmọ ju ògì nìkan lọ. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú Golden Morn, tí ilé-iṣẹ́ Nestlé fi àgbàdo àti sóyà ṣe.