Ìṣọ́ Ìjọba Lórí Oògùn: Ìtàn Májèlé Kan Láti Ọdún 1937 sí 2022

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mú ẹkún sun. Ìtàn òfin oògùn ní ayé òde-òní kò bá òwe yìí rìn. Ní ibi púpọ̀, ìdí òkú ni a ti ṣe òfin. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kíyè sí ni pé májèlé kan náà ni ó mú ẹkún wá léraléra: ó pa ènìyàn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937, ó pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti ní Jos ní ọdún 1990, ó sì tún padà wá sí Nàìjíríà ní ọdún 2008, nígbà tí òfin ti wà, tí àjọ ti wà, tí nọ́ńbà ìjọba sì ti wà lára ìgò. Kí ni ó fà á tí òfin tí a fi ẹ̀mí ènìyàn rà kò fi lè dí ọ̀nà tí májèlé náà ń gbà wọlé?

Diethylene glycol ni orúkọ májèlé náà. Omi tí kò ní àwọ̀ ni. Ó ki díẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ ni a ti ń lò ó, fún irú nǹkan bí omi tí a ń dà sínú ẹ̀rọ ọkọ̀ ní ilẹ̀ olótùútù kí ó má baà di yìnyín. Kò yẹ kí ó dé ẹnu ènìyàn rárá. Ṣùgbọ́n ó jọ omi méjì mìíràn tí àwọn apòògùn ń lò láti yọ́ oògùn tí kì í fẹ́ yọ́ nínú omi lásán, bí paracetamol. Propylene glycol ni èkíní, glycerin sì ni èkejì. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n kò lè ṣe é. Àyẹ̀wò nínú yàrá àwọn oníkẹ́mísìrì nìkan ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn. Nítorí pé diethylene glycol kò wọ́n tó àwọn méjì yòókù, ẹni tí ó ń wá èrè òjijì kò ní ṣàì rí ìdí láti fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ọ̀nà tí ó ń gbà pa ọmọdé burú, ó sì ṣòro láti tètè mọ̀. Ọmọ tí ó mu ún a máa bì, lẹ́yìn náà ìtọ̀ rẹ̀ a dá, nítorí pé májèlé náà ti ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ara a wú, ọmọ náà a dákú, ikú a sì dé. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti gbóná tẹ́lẹ̀ ni a sì ń fún ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ń burú sí i, àìsàn ni àwọn òbí rò pé ó ń le; wọn a sì tún bu síbí oògùn kan sí i. Ìfẹ́ ìyá sí ọmọ a wá di ohun tí ń ran májèlé lọ́wọ́.

Ní ọdún 1937, òkìkí oògùn kan tí ń jẹ́ sulfanilamide ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn ní Amẹ́ríkà. Ó ń wo ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí kòkòrò ń fà. Oníhóró àti lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ń béèrè olómi. Ilé-iṣẹ́ S. E. Massengill, ní ìlú Bristol ní ìpínlẹ̀ Tennessee, wá ọ̀nà láti yọ́ ọ. Olórí oníkẹ́mísìrì wọn, Harold Cole Watkins, rí i pé ó ń yọ́ dáradára nínú diethylene glycol. Wọ́n pò ó, wọ́n fi adùn èso sí i, wọ́n yẹ ìrísí rẹ̀ wò, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè pa ènìyàn, nítorí pé òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1906, kò béèrè irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù September ọdún náà ni oògùn ọ̀hún jáde. Ní oṣù October, àwọn dókítà ní ìlú Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma kíyè sí i pé ìtọ̀ ń dá mọ́ àwọn aláìsàn tí ó mu ún lára, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà tó Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Amẹ́ríkà létí. Ìjọba kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn alábẹ̀wò àti oníkẹ́mísìrì rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ 239, síta. Wọ́n ń ti ilé ìtajà dé ilé ìtajà, wọ́n ń tú ìwé ọjà, wọ́n ń wá àwọn aláìsàn kiri títí dé abúlé. Gálọ́ọ̀nù 240 ni wọ́n ti pò. Wọ́n rí nǹkan bí 234 gbà padà. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó kù ni ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100, tí ọmọdé púpọ̀ sì wà nínú wọn.

Ohun tí ó yẹ kí ó ya òǹkàwé lẹ́nu jù lọ nínú ìtàn yìí ni agbára tí ìjọba fi gba oògùn náà padà. Òfin ọdún 1906 kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ta oògùn tí ó lè pa ènìyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba rí dìmú ni pé wọ́n kọ «elixir» sára ìgò. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn apòògùn ni oògùn tí a fi ọtí yọ́, kò sì sí ọtí kankan nínú èyí. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni ilé-iṣẹ́ náà fún un, ìjọba ì bá má rí ẹsẹ̀ òfin kankan dúró lé. Ìtanràn tí ilé-iṣẹ́ náà san ní ìkẹyìn, dọ́là 26,100, jẹ́ owó ẹ̀ṣẹ̀ àkọlé tí kò tọ́. Watkins ní tirẹ̀ pa ara rẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù June ọdún 1938, Ààrẹ Roosevelt fi ọwọ́ sí òfin tuntun. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ta oògùn tuntun ní láti kọ́kọ́ fi han ìjọba pé kò léwu. Frances Kelsey, tí ó bá àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Chicago ṣiṣẹ́ lórí májèlé náà nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ni ó wá di òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1960, tí ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí thalidomide wọ ọjà Amẹ́ríkà. Ẹkún ọdún 1937 so èso rere ní ilẹ̀ náà.

Ní Nàìjíríà, òfin lórí oúnjẹ àti oògùn wà láti ọdún 1974, lábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń mójú tó ètò ìlera. Ní ọdún 1988, ìjọba ológun tún ṣe òfin pàtàkì lòdì sí ayédèrú oògùn, nítorí pé ọjà gbangba bí Ìdúmọ̀tà ní Èkó ti di ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè ra oògùn bí ẹni ra gaàrí. Olikoye Ransome-Kuti ni Mínísítà Ètò Ìlera nígbà náà. Dókítà àwọn ọmọdé ni, ètò ìlera tí yóò dé ẹsẹ̀kùlé gbogbo ènìyàn ni ó sì ń lé. Ní àkókò tirẹ̀ gan-an, ní ọdún 1990, ni àwọn dókítà ní Jos àti ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí rí ọmọdé tí ìtọ̀ wọn dá lójijì. Paracetamol olómi ni àwọn ọmọ náà ti mu. Diethylene glycol ni wọ́n fi pò ó dípò propylene glycol. Àwọn dókítà Jos nìkan ṣe àkọsílẹ̀ ọmọ 47. Àpapọ̀ àwọn tí ó kú lé ní 100.

Ní ọdún 1993, Òfin Ológun Nọ́ńbà 15 dá NAFDAC sílẹ̀, àjọ tí yóò máa mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kí iṣẹ́ náà lè kúrò ní ẹ̀ka kan nínú ilé-iṣẹ́ ìjọba kí ó sì ní ọwọ́ tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriel Osuide ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Dora Akunyili gba ipò náà ní ọdún 2001. Apòògùn ni, ayédèrú insulin sì ti pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ọdún 1988. Ó dojú kọ àwọn tí ń kó ayédèrú wọlé: àjọ náà ń dáná sun oògùn búburú ní gbangba, ó ń ti ọjà, ó sì ń kọ́ ará ìlú láti wo nọ́ńbà NAFDAC kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Ní ọdún 2003 wọ́n yìnbọn sí i nínú ọkọ̀. Ọta náà ha gèlè rẹ̀ kọjá. Ìṣẹ́gun ńlá ni ìgbà rẹ̀ jẹ́. Nọ́ńbà ara ìgò wá di ohun tí ìyá ọlọ́mọ lè fi ọkàn tán.

Inú ìgbẹ́kẹ̀lé yìí gan-an ni ìjàǹbá ọdún 2008 ti wáyé. Oògùn eyín híhù kan wà ní ọjà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Pikin. Paracetamol wà nínú rẹ̀, àwọn ìyá sì ń rà á fún ọmọ tí eyín ń yọ lẹ́nu. Kì í ṣe ayédèrú. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ ní Èkó ni ó pò ó, NAFDAC sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ra omi tí ó rò pé propylene glycol ni lọ́wọ́ oníṣòwò tí kò ní àṣẹ láti tà á, diethylene glycol sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù November, àjọ náà kéde pé kí ẹnikẹ́ni má lo My Pikin mọ́. Iye ọmọ tí ó kú jẹ́ 84. Ní ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dá méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi, ó sọ wọ́n sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje-méje, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa ilé-iṣẹ́ náà rẹ́.

Bí a bá to àwọn ìtàn wọ̀nyí pọ̀, ibi tí òfin ti ń já a hàn kedere. Àkọlé ara ìgò ni òfin Amẹ́ríkà ọdún 1906 ń ṣọ́. Òfin ọdún 1938 ń ṣọ́ oògùn tuntun kí ó tó dé ọjà. Nọ́ńbà NAFDAC jẹ́rìí sí orúkọ oògùn àti ilé-iṣẹ́ tí ó pò ó. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n jẹ́. Májèlé náà ń gba inú kẹ́ẹ̀gì wọlé, ní àárín ẹni tí ń ta èlò àti ẹni tí ń po oògùn, níbi tí oníṣòwò kan ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò kejì gbọ́. Oògùn rere lánàá lè di májèlé lónìí nítorí kẹ́ẹ̀gì kan péré, láìjẹ́ pé lẹ́tà kan yí padà lára ìgò.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ní Panama ní ọdún 2006, ilé ìpòògùn ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó po oògùn ikọ́ tí májèlé yìí wà nínú rẹ̀. Àkọlé glycerin ni ó wà lára àgbá tí èlò náà ti wá, ó sì ti gba ọwọ́ onírúurú oníṣòwò kọjá kí ó tó débẹ̀. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 70 ọmọdé kú ní Gambia lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn olómi tí a kó wá láti Íńdíà. Gambia kò ní yàrá àyẹ̀wò tí ó lè yẹ oògùn náà wò nígbà náà. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Oògùn kò mọ ààlà ilẹ̀, nítorí náà àìṣọ́ra ilẹ̀ kan lè di ọ̀fọ̀ ní ilẹ̀ mìíràn.

Ohun kan tún so Tulsa pọ̀ mọ́ Jos àti Ìbàdàn. Àwọn dókítà ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n rí ọmọ kan, wọ́n rí èkejì, wọ́n béèrè ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mu, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣọ́ ìjọba tí yóò dúró gbọdọ̀ ní ọwọ́ méjì nígbà náà: oníkẹ́mísìrì tí yóò yẹ kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan wò kí a tó da inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ oògùn, àti ilé ìwòsàn tí ó ní ìwé, tí ó ní òṣìṣẹ́, tí ó sì ní ẹni tí yóò gbọ́ ọ nígbà tí ó bá ké gbàjarè. Níbi tí èkíní bá ti kùnà, èkejì ni ó ń sọ bóyá ọmọ mẹ́wàá ni yóò kú tàbí ọgọ́rùn-ún.