Iyùn Kì Í Ṣe Òkúta

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá dúró ní Balógun tàbí ní Dùgbẹ̀ lónìí, tí ẹ bi àwọn èrò ọjà pé kí ni iyùn tí ọba ń so mọ́rùn, púpọ̀ nínú wọn ni yóò sọ pé òkúta iyebíye ni. Ẹnì kan lè fi kún un pé inú òkun ló ti wá, pé ọrọ̀ Olókun ni. Onítọ̀hún ló sún mọ́ òótọ́ jù. Egungun ẹranko ni iyùn. Ẹranko náà kéré, kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, àìmọye wọn ló sì ń gbé pọ̀ lórí igi egungun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ kọ́. Iyùn pupa tí àwọn oníṣòwò Portugal ń kó wá fún Ọba Ìbìní láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wá a.

Egungun iyùn pupa yìí láwọ̀ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣì ń pọ́n lọ́rùn wa lẹ́yìn tí ẹranko náà ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń kọ́ òkìtì ńláńlá sínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun tiwọn funfun bí ẹfun. Ara wọn ló láwọ̀: òmíràn bí ewé, òmíràn bí àlùkò, òmíràn bí ọsàn tó pọ́n, òmíràn bí aró. Bí wọ́n bá ti kú, àwọ̀ á bá wọn lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹwà wọn dájú, àfi kó mọ bí a ti ń dá ẹ̀mí wọn sí. Ìtàn àwọn tó kọ́ ọgbọ́n yẹn ni mo mú wá lónìí. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni pé inú ilé àwọn ènìyàn ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Lọ́dún 1706, ọ̀tọ̀kùlú ará Ítálì kan, Luigi Marsigli, fi ẹ̀ka iyùn pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde sínú ohun èlò tó kún fún omi òkun. Kò pẹ́, nǹkan funfun kéékèèké yọ lára rẹ̀ bí òdòdó. Ó kéde pé iyùn ti tanná, pé igi ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà á. Ní nǹkan bí 1725, dókítà ará Marseille kan, Jean-André Peyssonnel, dán irú rẹ̀ wò ní etíkun àríwá ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí. Òun rí i pé “òdòdó” náà máa ń ká ara rẹ̀ kò bí nǹkan bá dà á láàmú, tó bá sì pẹ́ díẹ̀, á tún na apá jáde. Igi wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ó kọ̀wé sí Paris pé ẹranko ni. Réaumur, ọ̀gá láàárín àwọn onímọ̀ ibẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹgbẹ́ wọn lọ́dún 1727, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ Peyssonnel pamọ́, kí wọ́n má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó di lẹ́yìn 1740 kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí London. Anna Thynne ni ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster. Lọ́dún 1846, ó lọ sí Torquay létí òkun, ó rí àwọn iyùn kéékèèké tó ń gbé lára àpáta nínú omi tútù ibẹ̀, wọ́n sì wù ú. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànìnkànìn, ó kó wọn sínú ìkòkò, ó di ilé. Ṣùgbọ́n London jìnnà sí òkun, omi tí kò sì rí afẹ́fẹ́ á pa wọ́n. Ọgbọ́n wo ló dá? Ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa da omi náà síwá sẹ́yìn níwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, fún ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ìyáàfin náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré ni ọmọ náà kà á sí. Èmi ì bá fẹ́ gbọ́ tẹnu ọmọ náà o! Lọ́dún 1847, ó wá kó ewéko òkun sínú omi náà, ewéko ń tú afẹ́fẹ́ tí ẹranko ń lò síta. Àwọn iyùn náà wà láàyè fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bímọ. Nígbà tí ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja onígíláàsì rẹ̀ fún aráyé lọ́dún 1853, ọmọ ọ̀dọ̀ àti ìyáàfin ti ṣe irú rẹ̀ nílé ṣáájú.

Iyùn òkun tútù ni ti Thynne ṣá o. Àwọn aláràbarà tó ń gbé òkun gbígbóná le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ẹran ara wọn ni ewéko tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Iyùn fún un nílé, òun náà ń fi oòrùn se oúnjẹ fún iyùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ebi á pa àwọn méjèèjì. Lọ́dún 1961, Lee Chin Eng, tó ń gbé ní Jakarta, kọ̀wé nípa bí òun ti ń ṣe é: ó ń gbé òkúta òkun tòun ti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó wà lára rẹ̀ sínú àpótí gíláàsì, ó ń jẹ́ kí oòrùn là á, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú omi. Àwọn ẹ̀dá ara òkúta ló ń gbá ìdọ̀tí ibẹ̀. Àwọn ará Jámánì gba ọ̀nà òkúta yìí, wọ́n fi gílóòbù alágbára rọ́pò oòrùn, ó sì ṣeé ṣe fún ẹni tó ń gbé ìlú olótùútù láti ní òkìtì iyùn ní pálọ̀.

Àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ńkọ́? Louis Boutan, ará Faransé, ti gbé kámẹ́rà wọ inú òkun lọ́dún 1893, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni. Omi òkun máa ń gbé àwọ̀ pupa mì kó tó jìn. Nígbà tí William Longley àti Charles Martin fẹ́ ya fọ́tò aláwọ̀ lábẹ́ omi ní Florida lọ́dún 1926, ẹ̀tù magnesium ni wọ́n ń sun lójú omi kí ìmọ́lẹ̀ lè tó. Àpótí gíláàsì wá gba oníkámẹ́rà lọ́wọ́ irú ewu bẹ́ẹ̀. Ní Nouméa, ní erékùṣù New Caledonia, René Catala àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé ẹja kan lọ́dún 1956. Lọ́dún 1958, wọ́n tan iná ultraviolet sí iyùn tí wọ́n gbé láti inú ibú, nínú òkùnkùn. Ó pọ́n rẹ́rẹ́ bí ẹyinná! Kì í ṣe pé ó ní iná tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò rí ló ń gbà, tó ń sọ di èyí tí a ń rí. Ìwé rẹ̀ ti 1964 kún fún fọ́tò aláwọ̀ náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní eré ọmọdé lásán ni, ẹ gbọ́ ná. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ ní Moscow tú àṣírí àwọ̀ yìí láti ara iyùn àti àwọn ìbátan rẹ̀. Àwọ̀ náà, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí lára ẹranko òkun kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ń sàmì sí nǹkan nínú ara alààyè, kí wọ́n lè rí ibi tí jẹjẹrẹ gbà ń ràn. Iṣẹ́ lórí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel ti 2008.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń wa bọ́ọ̀sì ní London, ní irú àpótí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kí i pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ẹja sísìn,” ó rẹ́rìn-ín.

“Àbúrò, omi ni mò ń sìn. Bí omi bá ti dáa, iyùn á tọ́jú ara rẹ̀.”

Ó ń wọn iyọ̀, ó ń wọn ìgbóná kó má kọjá 26, ó ń wọn ẹfun inú omi tí iyùn fi ń mọ egungun. Tó bá fẹ́ ya fọ́tò, á pa pọ́ǹpù kí apá wọn má mì, á fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè bo ojú kámẹ́rà kí iná búlúù má bàa borí àwọ̀ yòókù, á sì dojú rẹ̀ kọ àpótí gbọnrangandan. Ẹ̀ka kan náà ló ń yà lóṣooṣù. Ó ní fọ́tò a máa fi hàn pé iyùn ń ṣàárẹ̀ kí ojú tó fura. Á gé ẹ̀ka bí ìka ọwọ́, á fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta kékeré, á fún ọ̀rẹ́.

“Bí iná bá lọ lọ́dọ̀ mi tí gbogbo wọn kú,” ó ní, “mo mọ ilé mẹ́ta tí mo ti lè gba ọmọ iyùn mi padà.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rò títí di òní, torí pé òkun fúnra rẹ̀ ti ń fẹ́ irú ilé mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Bí omi bá fi ìwọ̀n kan péré gbóná ju bó ti í máa ń gbóná jù lọ, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé ewéko inú rẹ̀ jáde, á funfun, bí kò bá sì tètè tù ú lára, á kú. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé èyí tún ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé, ẹ̀ẹ̀kẹrin irú rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín: àpótí gíláàsì kò lè di òkun. Àwọn tó ń ta iyùn fún àwọn onílé pẹ̀lú ti ya púpọ̀ láti ara òkìtì, ìdí rẹ̀ tí ẹni tó bá lẹ́rìí ọkàn fi ń ra èyí tí wọ́n gbìn nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àpótí náà ni Ilé Ọnà Horniman ní London fi mú kí iyùn bímọ lásìkò tí wọ́n dá fún un, lọ́dún 2013. Òun ni wọ́n sì lò ní Florida lọ́dún 2019, tí irú iyùn kan tó ti fẹ́ẹ̀ tán nínú òkun ibẹ̀ fi bímọ nínú àpótí, ìgbà àkọ́kọ́ láyé.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fọwọ́ kan iyùn ọrùn yín lọ́jọ́ àríyá, tó bi yín pé kí ni, ẹ má sọ fún un pé òkúta ni. Ẹ sọ fún un pé ilé tí àwọn ẹ̀dá kan kọ́ ni, pé àwọn ìbátan wọn ṣì wà láàyè, ẹni tí yóò tọ́jú wọn ni wọ́n ń wá.