Àwọn Ẹyẹ Arìnrìn-àjò Nínú Ayé Tí Ń Gbóná

Ẹyẹ arìnrìn-àjò ni à ń pe gbogbo ẹyẹ tí kì í gbé ojú kan yí ọdún po, tí ó ń pa ẹyin ní ilẹ̀ kan, tí ó ń lọ sá fún òtútù tàbí ọ̀dá ní ilẹ̀ mìíràn, tí ó sì ń padà nígbà tí àkókò bá yí. Lóòótọ́, ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtayébáyé ni àwọn wọ̀nyí ń tọ̀, nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ẹyẹ kéékèèké ló sì ń ti Yúróòpù kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Áfíríkà lọ́dọọdún. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀, akọ́lé-sábẹ́-òrùlé-onílé, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, wà lára wọn; inú eèsún Ebbaken Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River ni ó ju mílíọ̀nù 1 wọn lọ tí ń wọ̀ sí lálẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwa. Wòlíì Jeremáyà pàápàá ti mẹ́nu bà á pé ẹyẹ àkọ̀ àti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ mọ ìgbà wọn. Ìmọ̀ ìgbà yìí gan-an ni ooru ayé ń dà rú.

Ohun tí ẹyẹ tó ń rìn jìnnà fi ń mọ̀ pé ọjọ́ àjò pé ni gígùn ojúmọmọ, pẹ̀lú ìṣirò àkókò kan tí a dá mọ́ ọn nínú ara. Ẹyẹ tó wà nínú igbó Gánà kò lè mọ̀ bóyá òtútù ti kásẹ̀ ní Yúróòpù. Àfi kí ó gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn. Oòrùn kò sì yí ìlànà rẹ̀ padà. Ilẹ̀ tí ó ń ràn sí ni ó yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹyẹ kan tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ń jẹ́ Ficedula hypoleuca, ẹyẹ dúdú-òun-funfun tí ń fò mú eṣinṣin lójú òfurufú, tí kò tó 15 gíráàmù, tí ń gbé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìgbà ọyẹ́, tí ó sì ń lọ pa ẹyin sínú ihò igi ní Nẹ́dálándì nígbà ìrúwé. Kòkòrò ajẹwé, tí ń jẹ ewé tútù orí igi óákù, ni ó fi ń bọ́ ọmọ, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré sì ni kòkòrò náà fi ń pọ̀ lórí igi. Bí ìgbà ìrúwé ti ń móoru sí i, ewé ń tètè yọ, kòkòrò sì ń tètè kún igi. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ Christiaan Both àti Marcel Visser fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé láàárín 20 ọdún, ọjọ́ tí ẹyẹ yìí ń gúnlẹ̀ kò yí padà. Ìsinmi tí ó máa ń ṣe kí ó tó pa ẹyin ni ó ń gé kúrú, ṣùgbọ́n ibi tí ó gé e dé kò tó. Ṣe ni ó dà bí alájàpá tó dé nígbà tí ọjà ti tú. Ní ọdún 2006 wọ́n tún fi hàn pé níbi tí kòkòrò ti ń yá jù lọ, ẹyẹ náà ti dín kù ní nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún.

Síbẹ̀, ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹyẹ tó bá lè ṣí kúrò a máa rí ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ kan gbé abo ẹyẹ yìí láti Nẹ́dálándì lọ sí gúúsù ilẹ̀ Sweden, níbi tí ìrúwé ti ń pẹ́ jù. Àwọn àlejò náà pa ẹyin ṣáájú àwọn onílé, ọmọ wọn sì yè jù ti onílé lọ, nítorí pé ìṣirò àkókò tí wọ́n gbé ti ilé wá bá kòkòrò ibẹ̀ mu. Lójú tèmi, èyí ni ìròyìn tó fini lọ́kàn balẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ti ẹyẹ etí òkun tí à ń pè ní Calidris canutus kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpẹ̀kun àríwá Rọ́ṣíà, ní Taimyr, ni ó ń pa ẹyin sí, etíkun Banc d'Arguin ní Mauritania ni ó sì ti ń lo ìgbà òtútù. Òjò dídì ń yọ́ ṣáájú ní Taimyr, kòkòrò ilẹ̀ ti ń kọjá ìgbà tí ó pọ̀ jù kí ọmọ ẹyẹ tó nílò rẹ̀, ọmọ náà kì í sì í yó, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń kéré, ẹnu rẹ̀ sì ń kúrú. Bí ó bá dé Mauritania, ìṣáwùrú tó dára jù lọ fún jíjẹ wà nísàlẹ̀ iyanrìn níbi tí ẹnu kúkúrú kò lè dé. Koríko inú omi ni ó kù fún un láti máa ṣà jẹ. Jan van Gils àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ èyí jáde ní ọdún 2016: ooru kọlu ẹyẹ ní Rọ́ṣíà, ó sì kú sí Áfíríkà.

Àwọn mìíràn gé àjò náà kúrú. Ẹyẹ àkọ̀ púpọ̀ ni kò kọjá Sàhárà mọ́, tí ó ń jẹ lórí ààtàn ilẹ̀ Spéìn. Ẹyẹ kékeré kan, Sylvia atricapilla, láti Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìgbà òtútù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Onímọ̀ Peter Berthold fi ìwádìí hàn ní ọdún 1992 pé àjogúnbá ni ìyípadà ọ̀nà yìí. Àwọn mìíràn sì wà tí ara wọn ni ó ń yí padà. Ní Chicago, wọ́n wọn ara ẹyẹ tó ju 70,000 lọ, tí wọ́n fara gbá ilé gíga kú láti ọdún 1978 sí 2016: ara wọn ń kéré, ìyẹ́ wọn sì ń gùn.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí kò wúlò bí ilẹ̀ tí ẹyẹ ti ń kó ọ̀rá jọ sára bá gbẹ. Ọ̀dá mú ní Sahel, ẹ̀bá gúúsù Sàhárà, ní ọdún 1968, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́ sí ìgbà ìrúwé ọdún 1969 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin Sylvia communis, tí ń kọrin nínú igbó kéékèèké, ni kò padà wá. Ní tiwa, irà Hadejia-Nguru ní àríwá Nàìjíríà ni ibùsọ̀ irú àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀, ìsédò Tiga àti Challawa sì ti dín omi tó ń dé ibẹ̀ kù. Àwọn tí kọ́kọ́rọ́ ìsédò wọ̀nyí wà lọ́wọ́ wọn gbọ́dọ̀ máa tú omi sílẹ̀ fún irà náà lásìkò tó yẹ, nítorí apẹja àti àgbẹ̀ ibẹ̀ náà ń dúró dè é.